Ohun Tí Àìsàn Ìyàwó Mi Kọ́ Èmi Babaláwo

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bẹ̀ mí pé kí n kọ nǹkan sínú ìwé wa yìí nípa àìsàn tó ṣe ìyàwó mi. Mo ní kò tíì yá, torí ọ̀rọ̀ náà ṣì ń ta mí lára. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún mi láìpẹ́ yìí pé, "Bàbá Fábùnmi, ẹ kọ ọ́. Àmọ́ ẹ má fi apá kan pamọ́ o. Ibi tí ẹ ti ṣì í gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀." Ibẹ̀ náà ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ìparí ọdún 2022, Ìyá Fábùnmi ń wẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ bá kan kókó kan ní ọmú òsì. Kò dùn ún rárá. Ó pè mí sí yàrá, ó ní kí n fọwọ́ kàn án. Ó le bí èkùrọ́, bí èèyàn fi ìka tì í, kò yẹ̀. Èmi tí mo ti ń já ewé láti kékeré, mo ní, "Nǹkan kékeré ni, a ó wá nǹkan ṣe sí i." Mo se àgbo, mo gún èyí tó máa fi pa á. Oṣù 4 gbáko la fi ṣe é. Kókó náà ò yọ́, ńṣe ló ń tóbi, awọ orí rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọnú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò tíì sọ ní gbangba rí. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo ti dá Ifá sí i. Odù tó jáde, ti ilé wa ni, mi ò ní dárúkọ rẹ̀ síbí. Ṣùgbọ́n ohun tí Ifá wí ni pé ká rúbọ, ká sì wá ọwọ́ ẹlòmíràn kún ọwọ́ wa, iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ọwọ́ kan. Ẹbọ, mo rú u. Ti ọwọ́ ẹlòmíràn, mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù mí: mo pe awo 2 nínú ẹgbẹ́ mi wá. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé ọwọ́ dókítà náà, ọwọ́ ni. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí làwọn èèyàn máa wí, pé ìyàwó babaláwo ń tò sórí ìlà ní ọsibítù? Ifá ò ṣì o. Èmi ni mo ṣi Ifá gbọ́, ìyàwó mi ló sì san owó rẹ̀.

Nínú oṣù Èrèlé ọdún 2023, Fábùnmi, àkọ́bí wa, wá kí wa. Ó rí ọmú ìyá rẹ̀. Kò bá mi jà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, a ti fẹ́ máa lọ sí ọsibítù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa lọ." Ẹ ò rí i pé kò bi mí bóyá kí wọ́n lọ. Mo wọ aṣọ mi, mo tẹ̀lé wọn.

Wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú ẹran díẹ̀ nínú kókó náà lọ yẹ̀ wò. Ó tó ọ̀sẹ̀ 3 kí èsì tó dé. Jẹjẹrẹ ọmú ni. Wọ́n yà á ní fọ́tò inú ara, wọ́n ní ó ti dé abíyá, ṣùgbọ́n kò tíì dé ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà náà, ọmọbìnrin tí kò ju Fábùnmi lọ, bi wá pé ó ti tó ìgbà wo tí a ti rí i. Èmi ni mo dáhùn. Kò bú mi. Ó ní, "Bàbá, gbogbo ewé, gbogbo egbò tí ẹ ti fún Màmá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Oògùn tí a fẹ́ fún wọn lágbára. Bí tiyín àti tiwa bá pàdé nínú ẹ̀dọ̀ láìmọ ara wọn, Màmá ló máa forí fá a. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dá àgbo dúró títí a ó fi parí."

Ó dùn mí. Àmọ́ nígbà tí mo délé, mo rò ó. Ta ni nínú wa tí kò mọ̀ pé iṣẹ́ tó lágbára ní èèwọ̀ tirẹ̀? Ẹni tó ń tẹfá, ṣebí ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ jẹ, ibi kan sì wà tí kò gbọ́dọ̀ dé. Iṣẹ́ dókítà yìí náà ní èèwọ̀, àgbo mi ló sì bọ́ sínú rẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé fún un, mi ò fi ẹyọ kan pamọ́.

Kímò ni wọ́n kọ́kọ́ fún un, ẹ̀ẹ̀mẹfà, ọjọ́ 21 láàárín ọ̀kan sí èkejì. Oògùn yìí, gbogbo ohun tó bá ń yára dàgbà nínú ara ló ń pa. Kò mọ jẹjẹrẹ yàtọ̀ sí irun, sí inú ẹnu, sí ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn pupa bí omi sóbò, nọ́ọ̀sì sì ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé ìtọ̀ rẹ̀ máa pupa, ká má bẹ̀rù. Bí wọn ò bá sọ ọ́ ni, mo mọ ohun tí mi ò bá rò.

Aago 4 ìdájí la máa ń jí torí ọ̀nà jìn. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀, wọ́n á ní ká padà sílé. Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́ sí i. Orí mi tó gba Odù 256 kò lè gba gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, mo bá ra ìwé kékeré kan. Ọjọ́ tí a lọ, oògùn tó lò, ohun tó jẹ, ohun tó bì, bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó, gbogbo rẹ̀ ni mò ń kọ. Ìwé yẹn ti di mẹ́ta báyìí. Ti owó ńkọ́? Mo ta ilẹ̀ plọ́ọ̀tì kan. Ọ̀rọ̀ owó ò ní ká máa sọ ọ́ púpọ̀, ẹni tó ti rìn ín mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ 16 lẹ́yìn kímò àkọ́kọ́, irun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ọlọ́ṣun ni Ìyá Fábùnmi. Ṣùkú rẹ̀ kì í tú títí tí wọ́n á fi tún òmíràn dì, òòyà Yèyé kì í sì í jìnnà sí i. Mo jí lówùúrọ̀, mo rí i tó jókòó sórí ẹní, irun kún itan rẹ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi fá a kúrò, kó yéé já díẹ̀díẹ̀." Èmi tí mo ti fá orí ọ̀pọ̀ ọmọ awo, ọwọ́ mi gbọ̀n. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé kí abẹ má kan awọ rẹ̀, kílípà Fábùnmi la lò. Nígbà tí mo ṣe tán, ó fọwọ́ pa orí rẹ̀, ó ní, "Ó kù kí ẹ mú mi wọ igbódù." A jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá sunkún, mo sì jẹ́ kó sun ún.

Lẹ́yìn kímò kejì, ara rẹ̀ gbóná lóru. Mo fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n, ó lé ní 38. Nígbà àtijọ́, àgbo ibà ni màá gbé kaná. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún wa pé bó bá ti dé 38, ká má dúró dilẹ̀ mọ́, torí kò sí ọmọ ogun nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó lè bá àrùn jà. Mo kan ilẹ̀kùn Alájì tó múlé tì wá ní aago 1 òru. Kò tilẹ̀ bi mí ní ìbéèrè, ó ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ọjọ́ 4 ni wọ́n fi fa oògùn sí i lára kó tó balẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ kà mí rèé. Lẹ́yìn ìkẹta, ẹnu rẹ̀ bó, ó ní oúnjẹ ń rùn, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tó fẹ́ràn jù lọ ń rí i lára. Ẹ̀kọ mímu díẹ̀díẹ̀ nìkan ló ń wọlé. Ní alẹ́ kan ó ní, "Mi ò lọ mọ́." Mo dìde, mo mú ìrọ́kẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wúre. Ó gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Bàbá Fábùnmi, ẹ má wúre lé mi lórí lónìí. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń wúre. Ẹ jókòó tì mí."

Mo jókòó. Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí ohun tó le fún babaláwo tó kó dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ wa. Mo jókòó títí àkùkọ fi kọ, mi ò sọ nǹkan kan, mò ń fi aṣọ tútù nù ún lẹ́sẹ̀. Nígbà tó yá, òun ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní ohun tó ń ba òun lẹ́rù kọ́ ni ikú. Ó ní ojú tí mo fi ń wo òun ni, bí ẹni tó ti jẹ òun ní gbèsè tí kò lè san mọ́. Ó ní, "Oṣù 4 yẹn, mo ti dárí rẹ̀ jì yín. Ẹ yéé gbé e wọ yàrá mi." Ilẹ̀ mọ́, ó ní kí n gbé omi wá kí òun wẹ̀. Ó lọ ìkẹrin.

Ọdún Ọ̀ṣun wá bọ́ sí ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn ìkẹfà. Àárín ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ jù lọ nìyẹn, wọ́n sì ní kó má wọ àárín èrò. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Òṣogbo lóṣù Ògún mọ irú èrò tí mò ń wí. Láti ìgbà tó ti di ìyàwó mi, kò tíì jókòó sílé rí lọ́jọ́ tí Arugbá ń lọ sódò. Ó wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó fi idẹ sọ́wọ́, ó jókòó sẹ́nu fèrèsé, ó ń gbọ́ ìlù lókèèrè.

Nírọ̀lẹ́, ìyá àgbà kan nínú àwọn ọlọ́ṣun gbé kẹ́ẹ̀gì omi odò wá. Ó ní, "Kó mu ún. Omi tó ń wo ọmọ aráyé sàn, ṣé ti ọmọ Yèyé ló máa wá ṣòro?" Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ìyá, kò ní mu ún lónìí." Ó ní, "Ìwọ babaláwo lo sọ bẹ́ẹ̀?" Mo ní, "Èmi náà ni, Ìyá." Mo rán wọn létí pé ní ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ wa fúnra rẹ̀ kìlọ̀ kí á má mu omi Ọ̀ṣun, nítorí ìdọ̀tí àwọn tó ń wa góòlù lókè odò. Yèyé ò dọ̀tí, àwa èèyàn la da ìdọ̀tí sí i. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ó lè yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹni tí kò ní ọmọ ogun nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè pa á.

Ìyá ò dáhùn. Mo da obì níwájú ìkòkò Ọ̀ṣun ìyàwó mi, mo béèrè bóyá Yèyé á gba omi náà níbẹ̀ lórúkọ ọmọ rẹ̀. Obì yàn. Ìyá fúnra rẹ̀ ló bu omi náà síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ jókòó ti ìyàwó mi, ó fọwọ́ kan orí rẹ̀ tó ń dán, ó ní, "Lọ́dún tó ń bọ̀, èmi ni màá di orí yìí."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gé ọmú òsì náà. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, ó ní, "Ṣé ẹ lè wò ó?" Mo wò ó. Wọ́n tún fi iná ẹ̀rọ sun ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Hóró oògùn kan ló ń lò lójoojúmọ́ báyìí, ó sì máa lò ó fún ọdún 5. À ń lọ fún àyẹ̀wò déédéé. Mi ò ní pariwo pé ó ti tán, torí ẹnu awo kì í ṣáájú Ifá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé irun rẹ̀ hù padà, ó rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, Ìyá sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ: ní ọdún Ọ̀ṣun 2024, ọwọ́ rẹ̀ ló fi dì í.

Ẹ̀yin awo, ẹ̀yin apètèbí, ẹ̀yin ọmọ wa, bí kókó bá wà ní ọmú, bó dùn ún, bí kò dùn ún, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ yẹn. Ọkùnrin náà lè ní i, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Bí ẹ bá ń fún aláìsàn ní ewé, ẹ sọ fún dókítà, kó mọ̀. Ẹ má fún ẹni tó ń gba kímò ní nǹkan lẹ́yìn dókítà, ì báà jẹ́ omi òrìṣà. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ kí i, ẹ má jókòó pẹ́ bó bá ti rẹ̀ ẹ́. Kí ẹ tó wúre, ẹ bi í léèrè ohun tó ń fẹ́.

Ẹbọ tí Ifá ní kí n rú, mo rò pé mo ti rú u tán lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mi ò mọ̀ pé ọdún kan gbáko ni màá fi rú èyí tó kù, lórí àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀.

Àìsàn ò ní wọlé wa. Èyí tó bá ti wọlé, a ó rí ọwọ́ ẹlòmíràn tí yóò kún tiwa. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, okun rẹ̀ ò ní tán. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.