Ojú Kọ̀ǹpútà Ńlá

Akọ̀wé kan ní Kétu a máa bá àwọn alátà Máìlì 12 ṣe ìṣirò. Ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ há jù, owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì ká ju tòkúnbọ̀ lọ. Ní Ọ̀tígbà, ní Ìkẹjà, ojú ńlá kan wù ú, ínǹṣì 27 láti igun dé igun. Ṣùgbọ́n ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tí ó wà lára rẹ̀, 1920 ní ìbú, 1080 ní òòró, kò ju ti oní-ínǹṣì 24 ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Lẹ́tà nìkan ni yóò tóbi. Iye ìlà ìṣirò tí yóò gbà kò ní fi ẹyọ kan lé sí i. (Ẹni tí ojú ń dùn lè fẹ́ bẹ́ẹ̀.) Ó yan ti 24. Ó ní kí wọ́n tàn án, kí ojú rẹ̀ funfun báláú. Àmì dúdú kan hàn ní igun, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé òmíràn wá.”