Bí A Ti Pààrọ̀ Sàláńsà Ọkọ̀ Wa

Nígbà tí àwọn kan nínú yín bá ń gba iwájú ilé wa kọjá ní Ungwan Boro, tí ẹ sì bá wa lábẹ́ ọkọ̀ ní ọjọ́ Sátidé, ẹ a máa bi wá bóyá owó mẹkáníìkì ni kò sí. Owó lè má sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ gbé wa wọ abẹ́ ọkọ̀.

Ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún 2003, ìkómọjáde kan gbé wa lọ sí Ọ̀fà. Peugeot 504 ni ọkọ̀ wa nígbà náà, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò níhìn-ín ní Kàdúná ní ọdún 1975. Sàláńsà rẹ̀ ti ń pariwo, wẹ́dà kan sì ti fi páànù lẹ̀ ẹ́, ó ní ó parí. Ọyẹ́ mú púpọ̀ ní ọjọ́ náà, eruku bo ojú ọ̀nà, nítorí náà a yí gbogbo gíláàsì sókè. Kí a tó dé Tegina, àwọn ọmọ mẹ́ta tí ó wà lẹ́yìn ti dákẹ́. Inú wa dùn. Òbí wo ni kì í dúpẹ́ bí ọmọ bá sùn nínú ìrìn àjò? Ní Mokwa, ọ̀kan bì, èkejì ní orí ń fọ́ òun. A ní ebi ni, a ra àkàrà fún wọn. Bí wọ́n ti sáré káàkiri lábẹ́ igi fún ìgbà díẹ̀, ara wọn yá. A tún wọ ọkọ̀, a kò sì tíì dé Jẹ́bbà tí orí tún bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ wọn. Nínú àwa méjèèjì, èyí tí ó bí wọn ni ó kígbe pé, “Bàbá wọn, ẹ dúró! Inú ọkọ̀ yìí ni àìsàn náà wà.”

A ká kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn. Ìpẹtà ti dá ihò sí ibi tí wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ lé, oríkèé sàláńsà tí wọ́n lẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an, ó ń fẹ́ èéfín wọlé. Afẹ́fẹ́ burúkú kan wà nínú èéfín ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tí ó lé ní 200 ju ọ́síjìn lọ, tóbẹ́ẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò ní rí àyè gbé ọ́síjìn kiri ara. A yí gíláàsì sílẹ̀ pátápátá, a fi aṣọ ìkómọ bo àwọn ọmọ. Nígbà tí a dé Ọ̀fà, àwọn ẹbí rò pé orí ọkọ̀ ẹrù ni a gùn wá.

Ní oṣù Jánúárì 2004, a ra sàláńsà tuntun ní Panteka, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó bá 504 mu. A da kẹrosíìnì sí àwọn nọ́ọ̀tì tí ó ti dípẹtà di ọjọ́ kejì. A kò gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan: a gbé ọkọ̀ lé igi nípọn mẹ́rin lórí ilẹ̀ líle, a sì fi òkúta há táyà. Síbẹ̀ a ṣìṣe. A di ti iwájú gírígírí, ìdí sàláńsà sì lọ fara kan irin ọkọ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò dúró wò wá títí.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ tú gbogbo rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi àwọn rọ́bà rẹ̀ so ó rọ̀, kí ẹ má di nọ́ọ̀tì kankan pa títí yóò fi tò gún. Lẹ́yìn náà, ẹ máa dì í láti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì bọ̀ wá sẹ́yìn.”

Gáskẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí a fẹ́ tún lò, Ẹ̀gbọ́n gbà á lọ́wọ́ wa, ó jù ú sórí òrùlé.

Nígbà tí a parí, a tan ọkọ̀ ní ìta gbangba. Ọ̀kan nínú wa fi àkísà tí a rẹ sínú omi dí ẹnu sàláńsà díẹ̀, èkejì ń bu omi ọṣẹ sí oríkèé kọ̀ọ̀kan kí irin tó gbóná. Oríkèé kejì hó pùtùpùtù. A tún un dì, a tún bu omi ọṣẹ sí i, kò hó mọ́. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, panẹbítà dí ihò abẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ.

Ọkọ̀ náà ti di ti ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n jáàkì àti igi mẹ́rin náà ṣì wà lọ́wọ́ wa. Ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ yá wọn, kí ó ránṣẹ́ sí wa kí ọjọ́ Sátidé tó pé.