Nígbà tí Ìrẹsì Ń Já Bọ́ láti Òkè: Ìtàn tí Mo Gbọ́ ní Ọ̀fà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí a ti ń fi orí ru ẹrù, kó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Ọ̀fà ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà. Obìnrin kan á ru agbọ̀n ọ̀dùnkún tí ọkùnrin méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gbé, á pọn ọmọ sẹ́yìn, á tún máa bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jiyàn lórí owó èsúsú, ọrùn rẹ̀ kò sì ní yẹ̀. Ìlú ọ̀dùnkún ni Ọ̀fà, ìlú ìjàkadì ni pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ti ogun ni mo fẹ́ sọ lónìí. Mo fẹ́ sọ ti àwọn tó gbé irú ọrùn líle bẹ́ẹ̀ lọ sójú ogun, tí ó jẹ́ pé ẹrù tí wọn kò tíì rù ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n.

Ìnáwó ìdílé ìyá mi ló gbé mi dé ibẹ̀. Mo gba Òṣogbo àti Ìkìrun kọjá, bí ojú irin ti gbà ní àtijọ́. Ojú irin Èkó dé Òṣogbo ní 1907, ó wọ Ìlọrin ní 1908, Ọ̀fà sì wà láàárín méjèèjì. Ọkọ̀ ojú irin yìí náà ló gbé ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan lọ sí iṣẹ́ ṣọ́jà nígbà ogun Hitler. Nígbà tí ó padà dé, orúkọ tí gbogbo àdúgbò fún un ni Bàbá Bọ́mà.

Ẹ̀yin tíṣà yóò rántí pé ní 1943 ni wọ́n dá Offa Grammar School sílẹ̀. Ọdún yẹn náà ni àwọn ọmọ wa kan kọjá òkun lọ sí Íńdíà pẹ̀lú Dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn tí àmì wọn jẹ́ aláǹtakùn. Bí ẹ bá ka gbogbo ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó lọ sí ìhà ọ̀hún, wọ́n tó bíi 90,000. Òkè àti igbó ni ibẹ̀, mọ́tò kò lè rìn ín. Ìdí nìyí tí àwọn òyìnbó fi fẹ́ràn àwọn tó lè fi orí ru ẹrù. Àwọn ọmọ wa la ọ̀nà jíìpù tó gùn tó máìlì 75 gba orí òkè lọ sí àfonífojì Kaladan, wọ́n sì parí rẹ̀ ní oṣù kìíní 1944. Nígbà tí wọ́n kọjá ibẹ̀, ọ̀nà tán. Láti ìgbà náà, òkè ni oúnjẹ ti ń wá. Àwọn ni dífíṣọ̀n àkọ́kọ́ tó fi ọ̀pọ̀ oṣù jagun tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ òfuurufú nìkan ló ń bọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ti ń di ẹrù náà, nítorí mo mọ̀ pé ẹ̀yin oníṣòwò yóò fẹ́ gbọ́. Ọta ìbọn, oògùn àti epo pẹtiróòlù ni wọ́n ń fi agbòòrùn ńlá, tí òyìnbó ń pè ní páráṣúùtì, sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìrẹsì àti oúnjẹ ìbaaka kì í sábà rí agbòòrùn lò. Wọn a rọ ìrẹsì sínú àpò kan, wọn kò ní jẹ́ kó kún. Wọn a tún ki àpò náà sínú èyí tó tóbi jù ú lọ, pé bí ti inú bá bẹ́, kí ti òde gbà á. Ọkọ̀ Dakota á fò wálẹ̀ títí á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gé orí igi, àwọn tó wà nínú rẹ̀ á sì fi ẹsẹ̀ ti àpò síta lẹ́nu ọ̀nà. Kì í jù ú tán lẹ́ẹ̀kan. Á yí, á padà, á tún jù, á tún yí. Àpò ìrẹsì tó bá já bọ́ bẹ́ẹ̀, òkúta ni.

Bàbá Bọ́mà ní ọjọ́ tí àwọn kọ́kọ́ rí i, ó ti tó ọjọ́ méjì tí àwọn ti jẹun kánú kẹ́yìn. Bí wọ́n ti gbọ́ ìró ọkọ̀, gbogbo wọn ya sí pápá, wọ́n ń jó, wọ́n ń ju fìlà, bí ọmọdé tó rí ìyá rẹ̀ tó ń tọjà bọ̀. Ọ̀gá wọn ń kígbe pé kí wọ́n wọ abẹ́ igi. Ta ní fẹ́ gbọ́? Ìgbà tí àpò kìíní balẹ̀ gbì, tí ó gbẹ́ kòtò, tí ó tún ta sókè bí bọ́ọ̀lù, ni wọ́n tó rántí pé àwọn ní ẹsẹ̀. Bàbá ní abẹ́ ikùn ìbaaka kan ni òun sá sí, ìbaaka náà sì ń wá ibi tí òun náà yóò sá sí. Alásè wọn ti gbé ìkòkò kaná, ó yà sínú igbó láti tọ̀. Kó tó so okùn ṣòkòtò rẹ̀, àpò ti fọ́ ìkòkò, ó ti pa iná, ó sì ti rún àpótí tí alásè fi ń jókòó. Láti ọjọ́ náà, bí ìtọ̀ bá ti ń gbọ̀n ọ́n, a kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà mìíràn, wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta retí oúnjẹ. Nígbà tí ó dé tí wọ́n tú àpò, oúnjẹ ìbaaka ni láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bàbá ní, “A wo ìbaaka, ìbaaka wò wá. Nígbà tó yá, a bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí á jọ jẹ ẹ́.” Ọmọ Ọ̀fà kan náà wà láàárín wọn tó máa ń fọ́nnu pé kò sí ẹni tó lè dá òun. Ó gun igi lọ já páráṣúùtì, afẹ́fẹ́ wọ inú aṣọ náà, ó gbé e, ó lọ sọ ọ́ sínú ẹrẹ̀. Wọ́n bi í pé ta ló dá a. Ó ní afẹ́fẹ́ kò ní ìbàdí tí ènìyàn lè gbá mú, nítorí náà kí wọ́n má kà á.

Ti páráṣúùtì yìí kì í ṣe àsọdùn rárá. Ní oṣù kẹrin 1944, Brìgéèdì Kẹta ti Nàìjíríà wà lára àwọn tó dí ojú irin Bọ́mà nítòsí Mawlu. Aṣọ páráṣúùtì tó há sórí igi ibẹ̀ pọ̀ débi pé White City, Ìlú Funfun, ni wọ́n ń pè é. Ogójì irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe owó kékeré, nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ní £20. Ọ̀gágun Slim ló ní kí wọ́n máa fi aṣọ àpò rán an ní Kàlìkọ́tà, irú aṣọ tí a fi ń di kòkó nílé wa, ìyẹn sì lé díẹ̀ ní £1. Mo rò pé ìyá ọlọ́jà kan ìbá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ọkọ̀ òfuurufú kò bá rí ńkọ́? Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, fara gbọgbẹ́ létí odò Kaladan ní oṣù kẹta 1944. Àwọn àgbẹ̀ abúlé ló fi í pamọ́ tí wọ́n sì bọ́ ọ fún bí oṣù mẹ́sàn-án, títí wọ́n fi wá gbà á. Ó padà wálé, ó kọ ìwé rẹ̀, ó sì dàgbà kó tó kú ní 2012.

Ohun kan wà tí kò yé wa nílé nípa Bàbá Bọ́mà. Kì í jẹ ìrẹsì. Bí ọdún Iléyá bá dé tí wọ́n gbé e wá, a ní, “Ẹ gbé ọ̀dùnkún fún mi. Ìrẹsì mọ orí mi.” Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ta aṣọ ní ọjà Owódé, ló wá sọ ìdí rẹ̀ fún mi ní alẹ́ ọjọ́ ìnáwó yẹn, nígbà tí àlejò ti lọ tán.

Ó ní bàbá òun sọ ọ́ fún òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ ojú irin ní ọjọ́ kan náà, dúró sábẹ́ igi títí bí ọ̀gá ti wí. Nígbà tí ìró ọkọ̀ lọ jìnnà, ó rò pé ó ti parí, ó jáde sí pápá láti lọ kó ẹrù. Ọkọ̀ náà tún yí padà lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú. Àpò tó pa á kò tilẹ̀ bẹ́. Oúnjẹ mìíràn kò sì sí. Ìrẹsì inú rẹ̀ ni wọ́n sè lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì jẹ ẹ́, nítorí pé wọn yóò rìn lọ́la. Bàbá Bọ́mà ni wọ́n gbé ìyókù rù. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi rù ú.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí wọ yàrá lọ, ó mú aṣọ kan jáde nínú àpótí. Aṣọ páráṣúùtì ni, ó ti pọ́n bí omi obì, ó sì fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ó ní gbogbo ọmọ ilé náà ni wọ́n fi wé ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, òun náà wà nínú wọn. Mo bèèrè okùn rẹ̀, nítorí mo rí ojú ihò tí okùn ti wà létí aṣọ náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí ẹrù ọjà rẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Òun ló fi dì í. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ra okùn lọ́jà, òun kò tíì rí èyí tó lágbára tó o.