Ráútà Tí Kò Ní Gé Ọ̀rọ̀ Mọ́ Wa Lẹ́nu

Ó lè ya àwọn òǹkàwé wa kan lẹ́nu pé ààfáà ilé-kéwú ni ó jókòó tí ó ń kọ̀wé lórí ráútà, ẹ̀rọ kékeré tí ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri inú ilé láìlo wáyà. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu. Láti ìgbà àrùn kòrónà ọdún 2020 ni yàrá kan nínú ilé mi ní Ìbàdàn ti di ilé-kéwú. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń kọ́ ní Àlùkùránì láti ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ọmọbìnrin mi náà ń lo yàrá kejì, ó ń ṣe ìṣirò owó fún àwọn oníṣòwò. Nínú irú ilé báyìí, ráútà wà lára ohun tí ń gbé oúnjẹ wọlé.

Ẹni tí ó bá ti kọ́ ọmọ ní kéwú rí yóò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Nínú kíkà Àlùkùránì, ibì kan wà tí a ń fa ohùn ní ìwọ̀n méjì, ibòmíràn mẹ́rin, ibòmíràn mẹ́fà. Bí ohùn ọmọ bá wá já níbi tí ó yẹ kí ó fà á dé mẹ́fà, kí ni olùkọ́ yóò ṣe? Ṣé ọmọ ni kò fà á tó, tàbí ẹ̀rọ ni ó gbé e mì? Bí mo bá ní kí ó tún un kà, nígbà tí ó ti kà á dáadáa, mo ti da ọkàn rẹ̀ rú. Bí mo bá sì fi í sílẹ̀, bóyá àṣìṣe ni mo fọwọ́ sí. Nítorí èyí ni mo ṣe ń fi ìdúróṣinṣin ṣáájú eré sísá nígbà tí mo bá ń yan ráútà.

Eré sísá ni wọ́n sì máa ń kọ gàdàgbà sára páálí: 1200, 3000. Àròpọ̀ ohun tí ẹ̀rọ náà lè gbé lórí gbogbo ìgbì rẹ̀ ni nọ́ńbà yẹn, ilé wa kò sì lè rí i bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò gbà tó mẹ́gábíìtì 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ohun tí ń gé e ni pé nígbà tí àwọn ọmọ ilé bá ń wo fíìmù, ohùn yóò tò sẹ́yìn fíìmù, bí ẹni tí ó gbé agolo mílíìkì kan ṣoṣo dání tí ó dúró sẹ́yìn ọkọ̀ àjàgbé. Ẹ béèrè bóyá ráútà náà ní ètò tí a fi ń jẹ́ kí ohùn kọjá ṣáájú. QoS ni wọ́n ń kọ ọ́. Èyí tí kò bá ní in, n kì í rà á.

Ó ku ògiri. Ìgbì méjì ni ọ̀pọ̀ ráútà òde òní ní, gígáháàsì 2.4 àti 5. Ti 5 yára, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù ìnṣì 9 tí a fi ń kọ́lé máa ń tètè dá a dúró, ti 2.4 ń la ògiri já jù ú lọ, àmọ́ ráútà àwọn aládùúgbò ń dí i lọ́wọ́. Ẹ ra èyí tí ó ní méjèèjì, kí ẹ gbé e sókè ní àárín ilé, kí ó jìnnà sí fìríìjì. Ní ti kọ̀ǹpútà tí mo fi ń kọ́ni, wáyà ni mo fà sí i láti ara ráútà. Wáyà yìí lè gùn tó mítà 100, kò mọ ògiri, kò mọ aládùúgbò, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Ẹ wá gbọ́ ti NEPA, bí a ṣì ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ náà ti kúrò nílẹ̀ láti ọdún 2005. Bí iná bá lọ tí a sì tan jẹnẹrétọ̀, ráútà yóò ti kú, kí ó tó jí, ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta ti lọ. Ọmọ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò mọ èyí. Ó kàn rí i pé ààfáà òun pòórá ni. Ọ̀pọ̀ ráútà ilé ń lo iná fóòtì 12, bátìrì kékeré tí wọ́n ṣe fún un sì wà lọ́jà. Kí fóòtì méjèèjì dọ́gba, kí ámpù bátìrì má sì kéré sí ti ráútà.

Mo tún fẹ́ràn èyí tí ó ń gba káàdì SIM, tí wọn kò tì mọ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan bá ń ṣe ségesège, a ó fi òmíràn sí i. Ṣùgbọ́n ráútà kò lè wo gbogbo àìsàn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan, ti olówó ńlá àti ti olówó pọ́ọ́kú, bákan náà ni wọ́n rí.

Ààbò wá ńkọ́? WPA2 ti wà láti ọdún 2004, WPA3 láti ọdún 2018. Ẹ má ra èyí tí kò ní ọ̀kan nínú wọn. Kí ẹ sì pa ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀ dà ní ọjọ́ tí ẹ bá rà á. Èmi a máa pa tèmi dà lọ́sàn-án Sátidé. Àwọn ọmọ ilé a máa kùn, ṣùgbọ́n títí di aago 7 alẹ́, àyàfi ẹ̀gbọ́n wọn tí ó ń ṣiṣẹ́, n kì í sọ ọ́ fún ẹnì kankan.