Àròkọ Ọmọ Ìrèwè

Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kan tí wọ́n rán wá ṣe ìdánrawò iṣẹ́ ìkọ́ni ní ilé-ìwé kan ní Ìjànikin ni ó kọ́kọ́ fura sí ọ̀rọ̀ náà. Ó fún kíláàsì JSS 3 ní àròkọ aṣàpèjúwe, "Ìlú Mi", orí-ọ̀rọ̀ tí kò sí olùkọ́ Yorùbá tí kò tíì lò ó rí. Bí ó ti ń máàkì ìwé lọ, ó kan ti ọmọkùnrin kan tí gbogbo kíláàsì mọ̀ pé láti Ìrèwè ni ó ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá. Ọmọ náà kọ ọ́ pé ìlú òun ní ọ̀nà ọ̀dà tí ó gbòòrò, tí mọ́tò ń lọ tí ó ń bọ̀ lórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ó ní ọjà ńlá wà níbẹ̀, báńkì wà níbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ gíga sì wà níbẹ̀. Kò sí irọ́ kankan nínú gbogbo rẹ̀, àfi pé Ìjànikin ni ó ń ṣàpèjúwe.

Ẹni tí ó bá dúró ní etí omi ní apá Ìjànikin tàbí Ọ̀jọ́, tí ó kọjú sí gúúsù, yóò rí ẹ̀gbà àti igi àgbọn ní òdì kejì ọ̀sà. Ẹ̀yìn igi wọ̀nyẹn ni Ìrèwè wà, lórí ilẹ̀ yanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọ̀sà gbá mú níwájú, tí Òkun Àtìláńtíìkì sì gbá mú lẹ́yìn. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ kan náà ni ó ni ín, ìjọba kan náà tí ó ni ọjà Alábà àti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ti gbé ní Òkokomàíkò fún ogún ọdún kò tẹ ibẹ̀ rí. Wọ́n ti dé Kútọnu, wọ́n ti dé London, ṣùgbọ́n wọn kò tíì gun ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé wọn.

Ibi tí ọmọ yìí ti rí ọ̀nà ọ̀dà inú àròkọ rẹ̀ kò fara sin. Ẹ ṣí ìwé àròkọ tí a fi ń kọ́ ọmọ. Àpẹẹrẹ "Ìlú Mi" tí ó wà níbẹ̀ kì í kúrò lórí bí ìlú ṣe tóbi tó, ọ̀nà tí ó wọ̀ ọ́, ọjà rẹ̀, iná mànàmáná rẹ̀ àti ilé ìwòsàn rẹ̀. Bí ẹni pé fọ́ọ̀mù ni, kí ọmọ máa kọ ohun tí ó ní síwájú ohun tí wọ́n béèrè. Ọmọ erékùṣù wo fọ́ọ̀mù náà, ó rí i pé ìlú òun kò ní ohun tí òun lè kọ síwájú ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì yá ìlú ẹlòmíràn lò. Ṣé a lè bá a wí? Ó fẹ́ gba máàkì ni.

Bẹ́ẹ̀, bí a bá fi ojú ìtàn wò ó, omi gan-an ni ó bí orúkọ àwọn tí wọ́n ni ilẹ̀ yìí. Ìtàn Àwórì sọ pé Ọlọ́fin Ògúnfúnmiire gbé àwo lé orí omi láti Ifẹ̀, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, títí àwo náà fi rì ní Ìṣẹ́rí, nígbà tí wọ́n bi í léèrè àwo ọ̀hún, ó ní, "Àwo ti rì." Àwọn tí àwo fi ọ̀nà hàn ni a wá ń kọ́ ọmọ wọn pé kò sí ìlú níbi tí kò bá sí ọ̀dà. Ní Indonéṣíà, tí erékùṣù rẹ̀ lé ní 17,000, abúlé orí omi kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń yà sí. Ní Èkó tiwa, tí orúkọ rẹ̀ lẹ́nu òyìnbó Potogí kò ju "adágún omi" lọ, ojú àánú ni a fi ń wo ará erékùṣù.

Ojú àánú náà kò sì dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Bí aago bá lù, ẹni tí ó bá pẹ́ yóò kúnlẹ̀. Ọmọ Ìrèwè kúnlẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi mọ ilẹ̀ ibẹ̀. Bí kùrukùru bá bo ọ̀sà ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ọkọ̀ kò ní gbéra. Bí èrò kò bá pé, ọlọ́kọ̀ kò ní gbéra. Olùkọ́ tí ń ti ọ̀nà Oshòdì bọ̀ náà máa ń pẹ́, kò sì kúnlẹ̀ rí, nítorí gbogbo ayé ni ó mọ ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì. Ọdún 2009 ni ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ẹ́ sí ọ̀nà mẹ́wàá. Ọkọ̀ ojú irin tí a ṣèlérí pé yóò dé Òkokomàíkò, nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Mile 2 ni ó ti ń ṣẹ́rí padà. Àwáwí orí ilẹ̀ ni a ń gbọ́. Ti orí omi, a kì í gbọ́ ọ, nítorí a kò mọ̀ ọ́n.

Ewu sì ń bẹ níbẹ̀ ju ìpẹ́lẹ́yìn lọ. Ní oṣù Keje ọdún 2022, ọkọ̀ kan tí ó gbéra ní Mazamaza lálẹ́ dojú dé, ó sì ju ènìyàn mẹ́wàá lọ tí ó bá a lọ, bẹ́ẹ̀ òfin ti wà tẹ́lẹ̀ pé kí ọkọ̀ má rin òru, kí gbogbo èrò sì wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń fi omi ṣe ọ̀nà ilé-ìwé kò nílò kí ẹnikẹ́ni ka òfin náà fún un. Bí ọmọ bá ti kọjá aago mẹ́rin ọ̀sán, etí omi ni yóò wà.

Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ náà kò fa igi pupa sí àròkọ yìí. Ó pe ọmọ náà, ó béèrè ohun tí ó máa ń rí kí ó tó dé ilé-ìwé. (Òun fúnra rẹ̀, ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ tí ó wà ní Ìjànikin, tí a mọ̀ sí Adeniran Ogunsanya kí ó tó di ara Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2022, kò tíì wọ ọkọ̀ ojú omi rí.) Ọmọ náà kọ́kọ́ rò pé ìbáwí ni. Lẹ́yìn náà ni ó sọ̀rọ̀. Ó sọ pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn omi ọ̀sà máa ń ní iyọ̀ lẹ́nu, pé bí òjò bá dé tí odò bá kún, omi náà á di omi dídùn, ẹja tí ń wọ inú àwọ̀n á sì yí padà. Ó mọ ibi tí ẹ̀pìyà ń yé sí, ó mọ bí wọ́n ṣe ń dẹ ìgèrè fún edé. Ó sọ nípa ewéko olódòdó àwọ̀ àlùkò tí ń léfòó, tí ń bo ojú omi pátápátá, tí ń wé mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ọmọ náà rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ó ti wà. Bẹ́ẹ̀ kọ́, nǹkan bí ọdún 1984 ni a kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà, láti ìhà Bìnì ni ó ti bá omi Àgbádárìgì wọlé. Ó ní bàbá bàbá òun máa ń sọ pé ẹja pọ̀ ju báyìí lọ. Omi ẹ̀gbin láti àwọn ilé-iṣẹ́ Àgbárá tí ń ṣàn wọ Ọ̀sà Ológè, tí àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ wò tí wọ́n sì ti kọ̀wé lé lórí lọ́pọ̀ ìgbà, kò ní ṣàìmọ̀dí i.

Kò sí ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tí ó wà nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ọ ní Yorùbá. Òfin ọdún 2018 ti sọ èdè náà di dandan ní gbogbo ilé-ìwé ìpínlẹ̀ Èkó, ohun rere sì ni. Ṣùgbọ́n Yorùbá àjùmọ̀lò tí a ń kọ́ ọmọ yìí kò bi í ní ti Àwórì tí ìyá rẹ̀ ń sọ, tàbí ti Ègùn tí àwọn apẹja aládùúgbò rẹ̀ ń fi pe orúkọ ẹja. Nígbà tí ó ń ṣàlàyé, ó dúró lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Àǹtí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pè é ní Yorùbá." Yorùbá ni ó ti fi pè é kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀. Ó rò pé ti ilé kò kà ni.

Olùkọ́ ní kí ó lọ tún un kọ, kí ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí wọ́n ti ń pè é ní ilé. Ọmọ náà béèrè bóyá wọn yóò gbà á bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò àṣekágbá. Ó pẹ́ kí olùkọ́ tó dáhùn, ó sì ní òun kò lè ṣèlérí. Ọmọ náà ká ìwé rẹ̀, ó fi í sínú ọ̀rá méjì, ó dì í lẹ́nu pinpin kí omi má bàa tà sí i, ó sì sáré lọ sí etí omi, nítorí ọkọ̀ ti ń pe èrò.