A Ta Òróró Sí Táyà, A Kò Wo Búrẹ́ẹ̀kì

 Ẹ̀rí tí a fẹ́ jẹ́ lónìí yàtọ̀ díẹ̀ sí irú èyí tí ẹ máa ń kà nínú ìwé ìròyìn yìí. Kì í ṣe ẹ̀rí ọmọ tuntun tàbí ti ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rí ìtìjú ni, ẹ̀rí àánú sì ni pẹ̀lú. Ó pẹ́ kí àwa méjèèjì, tọkọtaya, tó gbà láti kọ ọ́. Ṣùgbọ́n a rí i pé àwọn ará púpọ̀ nínú ìjọ ló ti wà nídìí òwò ọkọ̀ akẹ́rù, tí àwọn mìíràn sì ń gbèrò láti fi owó ìfẹ̀yìntì wọn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. A wá sọ fún ara wa pé ẹni tó ti ṣubú sí kòtò ló yẹ kó kìlọ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

BÍ A ṢE RA ỌKỌ̀ NÁÀ

Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé àdúgbò wa, láti ẹnu géètì Ọ̀jọ́ Cantonment títí dé Ìyànà-Ìbà àti Òkókómáíkò, mọ̀ pé ọkọ̀ akẹ́rù kì í dákẹ́ lójú títì tó lọ láti Èkó sí Badagry. Àpápá ni kóńtẹ́nà ti ń jáde, ọjà Alábà ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ń bọ̀. Nígbà tí bàbá ilé wa fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun, a da owó tó gbà pọ̀ mọ́ èyí tí ìyá ilé ti dá ní àjọ, a sì ra tírélà tòkunbọ̀ kan.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí a gbé e wá sí ìjọ, pásítọ̀ wa gbàdúrà yí i ká. A ta òróró sí gbogbo táyà rẹ̀, a ta sí ìjókòó dírébà. Àwọn ará jó, wọ́n sì bá wa yọ̀. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. A ṣì gbàgbọ́ nínú àdúrà ìyàsímímọ́ títí di òní. Ohun tó burú ni pé kò sí ẹnìkan nínú àwa tí a ni ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo táyà tí a ń ta òróró sí.

Ní ti ìwé ọkọ̀, ọmọkùnrin kan tó máa ń bá àwọn onímọ́tò sáré irú rẹ̀ ló bá wa ṣe é. A fún un lówó láàárọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kó gbogbo pátíkúlà dé nínú ọ̀rá: làìsẹ́ǹsì ọkọ̀, ìwé adójútòfò, àti ìwé tó fi hàn pé ọkọ̀ náà yẹ lójú pópó. Ẹ sì wò ó, ọkọ̀ yìí kò kúrò lẹ́yìn ilé wa ní gbogbo ọjọ́ yẹn! Ìwé sọ pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n kò sí olùyẹ̀wò kankan tó fojú kàn án. Dípò kí ẹ̀rù bà wá, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó yá kíákíá.

Dírébà tí a gbà mọ ọkọ̀ wà. A kò béèrè irú làìsẹ́ǹsì tó ní lọ́wọ́. Ní alaalẹ́ tó bá fẹ́ jáde, a ó ka owó epo fún un, a ó sì ka owó ẹ̀gúnjẹ lé e. A ti sọ ẹ̀gúnjẹ di ara ìnáwó ilé, bí ìgbà tí a ń ra iyọ̀.

ÌKÌLỌ̀ TÍ A KÒ GBÀ

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, kóńtẹ́nà kan wó lu bọ́ọ̀sì èrò ní bíríìjì Ojúẹlẹ́gba, ènìyàn 9 sì kú. Ibẹ̀ kan náà ni kóńtẹ́nà ti wó lu ọkọ̀ kan ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, tí ènìyàn 3 kú. A gbọ́ ọ lórí rédíò. A ní, “Olúwa má jẹ̀ẹ́ ká rí i,” a sì ń bá oúnjẹ wa lọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí dírébà wa wá bá wa nílé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá, Màmá, búrẹ́ẹ̀kì ọkọ̀ yìí kò mú dáadáa mọ́. Ìkọ́ mẹ́rin tó ń di kóńtẹ́nà mú náà, méjì ti kán níbẹ̀.” A dá a lóhùn pé owó ilé ìwé àwọn ọmọ ló wà nílẹ̀. A ní kó fi ṣéènì so kóńtẹ́nà náà, kó sì máa rọra wà á títí oṣù tó ń bọ̀. Ó ní, “Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ṣeun, sà.” Kí ni ìbá tún wí? Àwa la ń fún un lóúnjẹ.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, ó gbé kóńtẹ́nà láti Àpápá, ó ń lọ sí ilé ìkẹ́rù kan ní Òkókómáíkò. Nǹkan bí aago 8 alẹ́ ni. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé Ìyànà-Ìbà, ó tẹ búrẹ́ẹ̀kì, búrẹ́ẹ̀kì kò dáhùn. Ó yí ọwọ́ ọkọ̀ sí ibi tí iyanrìn wà, ọkọ̀ sì dúró, ṣùgbọ́n ṣéènì já, kóńtẹ́nà sì yọ́ lulẹ̀ sórí àwọn ìsọ̀ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn ènìyàn ti sá. Kò sí ẹni tó kú, ògo ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ìyá kan tó ń din àkàrà níbẹ̀ kó sínú gọ́tà níbi tó ti ń sá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún sì kán níbi méjì.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. A fi ìgboyà mú ìwé adójútòfò jáde, a ní wọn yóò bá wa san án. Nígbà tí wọ́n wá nọ́ńbà inú rẹ̀, kò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan. Ayédèrú ni. Ayédèrú náà ni ìwé tó sọ pé ọkọ̀ yẹ lójú pópó. Àṣé làìsẹ́ǹsì dírébà wa pàápàá, ti ọkọ̀ kékeré ni. A ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí a ń gùn, a sì yá owó kún un.

Ní ọjọ́ kẹta, ìyá alákàrà náà wo wá láti orí bẹ́ẹ̀dì. Kò pariwo, kò ṣépè. Ó ní, “Dírébà yín sọ pé òun ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?” Ará, a kò rí ẹnu dá a lóhùn.

MÀLÚÙ TÓ Ń FI TÁYÀ RÌN

Bàbá kan wà nínú ìjọ wa, àgbà mẹkáníìkì ni. Nígbà tó wá kí wa, a sọ fún un pé ọ̀tá ló ń bá wa jà, kó bá wa gbàdúrà. Ó ní òun yóò gbàdúrà, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ ṣí Bíbélì sí Eksodu orí 21, ẹsẹ 28 àti 29. Níbẹ̀ ni òfin ti sọ̀rọ̀ nípa màlúù tó kan ènìyàn pa. Bí olówó rẹ̀ kò bá mọ̀ pé ó ń kàn, ọrùn rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kìlọ̀ fún un rí, tí kò sì sé e mọ́lé, ẹ̀bi náà di tirẹ̀.

Bàbá ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, màlúù tiyín, táyà ló fi ń rìn. Wọ́n sì ti kìlọ̀ fún yín.” Ó tún mú wa lọ sí Deuteronomi 22:8, níbi tí Ọlọ́run ti pàṣẹ pé kí ẹni tó bá kọ́lé tuntun mọ odi kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà já láti ibẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má sì wà lọ́rùn onílé. Bàbá ní, “Ìwé ọkọ̀ ni odi orí òrùlé. Kì í ṣe nítorí ọlọ́pàá la ṣe ń mọ ọ́n, nítorí ẹni tó lè já bọ́ ni.”

Láti ọjọ́ náà ni ojú wa ti là. A gbé tírélà náà sílẹ̀ fún oṣù méjì. A tún un ṣe, a sì bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ní ọ́fíìsì tó yẹ, pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara wa.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ OLÓKÒÒWÒ ỌKỌ̀ AKẸ́RÙ MỌ̀

Èkíní, ọkọ̀. Ìwé pé ọkọ̀ yẹ lójú pópó, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni a ń sọ ọ́ di ọ̀tun fún ọkọ̀ tí a fi ń ṣòwò ní Èkó. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ dé ibi àyẹ̀wò. Ẹ wo ara táyà: nọ́ńbà mẹ́rin wà níbẹ̀ tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Bí ẹ bá rí 1216, ọ̀sẹ̀ kejìlá ọdún 2016 ni, ó ti gbó. Bí ẹ bá sì ń gbé kóńtẹ́nà, ìkọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ pé, kí wọ́n sì tì í pa. Ṣéènì àti okùn kò lè rọ́pò wọn.

Èkejì, dírébà. Ẹni tó bá ń wa tírélà gbọ́dọ̀ ní làìsẹ́ǹsì onípele G, kì í ṣe ti ọkọ̀ kékeré. Ní Èkó, ilé ẹ̀kọ́ àwọn dírébà ti ìjọba ìpínlẹ̀ wà, tí wọ́n ń pè ní LASDRI, níbi tí dírébà ọkọ̀ òwò ti ń gba ẹ̀kọ́ àti ìwé ẹ̀rí. Ẹ rán an lọ, kí ẹ sì san owó rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sinmi bó bá ti wakọ̀ fún wákàtí mẹ́rin. Òfin ọdún 2010 tún ní kí ẹni tó gba ènìyàn síṣẹ́ máa san ìdá 1 nínú 100 owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún àjọ NSITF, kí ìrànwọ́ lè wà bí wọ́n bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀kẹta, adójútòfò. Òfin tó sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ ti wà láti ọdún 1945. Kì í ṣe ọkọ̀ yín ló wà fún, ẹlòmíràn tí ọkọ̀ yín bá pa lára ló wà fún. Láti ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2025 ni àwọn ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀ gidigidi káàkiri orílẹ̀-èdè. Ẹ lọ rà á lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò fúnra yín, kí ẹ sì rí i dájú pé nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ wọn kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, àkókò àti eré. Òfin ìrìnnà tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2012 kò fẹ́ kí tírélà rìn láàárín ìgboro láti aago 6 àárọ̀ sí aago 9 alẹ́, àfi ọkọ̀ epo. Ẹ rántí pé aago 8 ni tiwa ṣubú, nígbà tí ọjà ṣì kún. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí gbogbo wa ń pè ní Road Safety, fi eré tírélà sí kìlómítà 45 ní wákàtí kan nínú ìlú, àti 60 lójú ọ̀nà márosẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2016 ni wọ́n sì ti ń béèrè ẹ̀rọ adẹ́kun eré lára ọkọ̀ òwò.

Ẹ̀karùn-ún, bí Olúwa bá sọ ọkọ̀ yín di márùn-ún, Road Safety fẹ́ kí ẹ yan ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa bójú tó ààbò àwọn ọkọ̀ àti dírébà yín. Àwa tí a ní ẹyọ kan ti yan ìyá ilé. Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí dírébà ń kọ àléébù ọkọ̀ sí. Bí ó bá ti kọ ọ́, ọkọ̀ kò ní jáde títí a ó fi tún un ṣe, ìbáà ṣe pé owó ilé ìwé ló wà nílẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé, “Nàìjíríà nìyí o. Bí ìwé bá pé pàápàá, wọn yóò ṣì béèrè owó.” Òótọ́ ni. Wọ́n ti dá ọkọ̀ wa dúró títí di òwúrọ̀ rí nítorí pé dírébà wa kọ̀ láti fún wọn ní nǹkan. Oníbàárà méjì ti fi wá sílẹ̀, wọ́n ní a kì í yá. Èrè wa kò tó ti tẹ́lẹ̀. A kò ní parọ́ fún yín pé ẹni tó bá ṣe òtítọ́ yóò di olówó ní oṣù kejì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fún ènìyàn lówó kó má wo búrẹ́ẹ̀kì òun, ara rẹ̀ ló ń tàn. Búrẹ́ẹ̀kì kì í gba ẹ̀gúnjẹ.

Ìyá alákàrà náà ti padà sí ìdí ìsọ̀ rẹ̀. A bá a kọ́ ìsọ̀ náà tuntun, ó sì ti dárí jì wá. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń tiro díẹ̀, pàápàá nígbà òjò. Gbogbo ìgbà tí a bá ń ti ìjọ bọ̀, tí a sì rí i tó ń rìn, a máa ń rántí ìbéèrè rẹ̀.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ará, bí ẹ bá ní ọkọ̀ lójú pópó, ẹ pe dírébà yín lónìí kí ẹ tó sùn. Ẹ bi í pé kí ló ti sọ fún yín tí ẹ kò tíì ṣe. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kúnlẹ̀.

ÀDÚRÀ: Olúwa, dárí jì wá níbi tí a ti fi èrè ṣáájú ẹ̀mí ọmọnìkejì. Fún wa ní etí láti gbọ́ ìkìlọ̀, àti ọkàn láti ṣe ohun tó tọ́ nígbà tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ wa. Dáàbò bo àwọn dírébà wa, àti gbogbo ẹni tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà, ní orúkọ Jésù. Àmín.