Owó Èésú Lórí Tábìlì Káàdì

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọbẹ̀, kì í sì í ṣe ti aṣọ rírán tí í ṣe iṣẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ ni. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá ti gbọ́ tẹ́tẹ́, ọ̀dọ̀ ọkọ ni ọkàn yín yóò lọ. Ẹ dákun, ẹ fi àwọn ọkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yìí. Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí ni mo ta á, nínú yàrá mi ní Fìdítì, tèmi ti ọmọ lẹ́nu ọmú.

Ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ ọwọ́ rí mọ bí òru ti í gùn tó. Ọmọ mi kejì kì í sùn. Bí agogo kan òru bá ti lù, ó jí nìyẹn, a ó sì jọ jókòó títí àkùkọ yóò fi kọ. Ọwọ́ kan gbé ọmọ dání, ọwọ́ kejì kò níṣẹ́, fóònù ló bọ́ sínú rẹ̀. Àbúrò ọkọ mi kan wà tó ń gbé ní Ìbàdàn, Akọ̀wé ni mo ń pè é, nítorí ẹ ṣáà mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Òun ló kọ́ mi ní eré káàdì tí wọ́n ń pè ní póókà. Ó ní bí mo ti mọ wọ́ọ̀tì ta láti kékeré, èyí kò ní le fún mi. Kò sì le.

Káàdì 52 ni. Wọn a fún olúkúlùkù ní méjì tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ rí, wọn a wá ṣí márùn-ún sílẹ̀ láàárín tí gbogbo yín jọ ni ín. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù ló ń kó owó, tàbí ẹni tó bá fi owó dẹ́rù ba àwọn yòókù tí wọ́n fi sá. Kò dà bí nọ́ńbà tí wọ́n ń ta lẹ́bàá títì wa, tó jẹ́ pé orí nìkan ni èèyàn ń gbé lọ síbẹ̀. Ọgbọ́n wà nínú póókà. Ọgbọ́n yẹn gan-an ló kó bá mi, nítorí mo rò pé mo gbọ́n.

Tẹ́tẹ́ kò kúkú ṣàjèjì sí ilé wa. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá mi a máa ta púùlù. Bí rédíò bá ń ka èsì bọ́ọ̀lù ìlú Ọba ní ọjọ́ Sátidé, a kò gbọdọ̀ húkọ́. Bí ìlú Ọba bá sì gba ìsinmi, bọ́ọ̀lù Ọsirélíà ni wọn yóò fi dípò rẹ̀. Ìyá mi a máa sọ pé òun kò mọ ibi tí Ọsirélíà wà, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé owó ọbẹ̀ òun wà níbẹ̀.

Tábìlì tí mo ti bẹ̀rẹ̀, dọ́là 2 ni èèyàn ń gbé jókòó sí i. Èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ dọ́là 5, lẹ́yìn rẹ̀ dọ́là 10, lẹ́yìn náà dọ́là 25, bẹ́ẹ̀ ni àkàsọ̀ náà ń gùn lọ sókè. Akọ̀wé bá mi fi dọ́là 10 sí i. Láàárín oṣù mẹ́rin, mo ti yọ dọ́là 12 ra aṣọ fún ọmọ, dọ́là 64 sì kù sílẹ̀. N kò sọ fún ẹnì kankan nílé.

Ìgbà yẹn ni Akọ̀wé sọ ìtàn ọkùnrin Amẹ́ríkà kan fún mi, Chris Moneymaker, oníṣirò owó kan láti Tennessee. Orúkọ ìdílé rẹ̀ gan-an ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ẹni tó ń pa owó. Owó tí kò tó dọ́là 100 ló fi wọ ìdíje kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdíje náà ló gbé e dé ìdíje ńlá ti Las Vegas ní ọdún 2003, níbi tí èèyàn 839 ti díje, òun ló sì gba ipò kìn-ín-ní pẹ̀lú dọ́là 2,500,000. Mo bá ìtàn yìí sùn, mo bá a jí. Kò sí ẹni tó sọ ìtàn àwọn 838 yòókù fún mi, èmi náà kò sì bèèrè.

Mo gòkè lọ sí tábìlì dọ́là 10. Ẹ̀yin ará mi, ọjọ́ mẹ́ta ni ojú mi là. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń ṣeré ni, wọ́n ń da owó sílẹ̀ bí ẹní ń fọ́n àgbàdo fún adìẹ. Àwọn tó wà lókè kò ṣeré. Wọn a jókòó bí ológbò lẹ́nu ihò eku, wọn a ju káàdì nù, wọn a tún jù ú nù, títí ìwọ yóò fi ṣi ẹsẹ̀ gbé. Olówó tábìlì náà sì ń bu tirẹ̀, nǹkan bí 5 nínú 100, nínú owó tí ẹ bá fi ta. Bí ẹni méjì bá gbọ́n bákan náà, tí wọ́n sì ń bá ara wọn ta títí, àwọn méjèèjì ni yóò gbẹ.

Mo padà sísàlẹ̀, mo kó owó jọ, mo tún gòkè, mo tún já bọ́. Mo fi dọ́là 20 kún un láti inú owó aṣọ rírán, mo tún fi 15 kún un. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo ń borí nísàlẹ̀. Mo ń wò ó pé òkè nìkan ni ó kù fún mi, pé ẹsẹ̀ kan péré ni mo fi kù díẹ̀.

Akọ̀wé kìlọ̀ fún mi. "Ìyàwó," ó ní, "bí o bá fẹ́ jókòó sí tábìlì dọ́là 25, ó yẹ kí o ní ogún irú rẹ̀ nípamọ́, ìyẹn dọ́là 500." Ó ṣàlàyé pé éèsì méjì, tí í ṣe káàdì tó dára jù lọ lọ́wọ́ ẹni, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 221 ló ń bọ́ síni lọ́wọ́. Bó bá sì pàdé ọba méjì, yóò borí ní ìgbà mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ìgbà méjì yóò ṣubú. Ẹni tó ní ogún àpò lè fara da méjì yẹn. Ẹni tó ní àpò kan tàbí méjì kò lè fara dà á. Mo gbọ́, mo sì kà á sí ojo.

Èmi ni mo ń tọ́jú owó èésú àwọn obìnrin àdúgbò wa nígbà náà, àwa mẹ́wàá, ₦8,000 lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ tí mo ń sọ yìí, ní ọdún 2024, ìyá kan tó ń ta fùfú ló kàn láti gba ₦80,000 ní ọjọ́ Ẹtì, owó ìdánwò ìwé mẹ́wàá ọmọ rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo fi ₦80,000 náà ránṣẹ́ sí Akọ̀wé. Mo purọ́ fún un pé èrè iṣẹ́ ni. Lásìkò náà kò ju nǹkan bí dọ́là 50 lọ. Àpò méjì péré.

Àpò kìn-ín-ní kò lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rù ló jẹ ẹ́ tán. Káàdì tó dára a bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo a wo owó náà, mo a rí ojú onífùfú, mo a sì jù ú nù. Tábìlì kò mọ̀ pé owó èésú ni, ṣùgbọ́n èmi mọ̀. Nígbà tó di nǹkan bí agogo mẹ́ta òru, ọba méjì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo ti gbogbo àpò kejì síwájú. Ẹnì kejì ṣí tirẹ̀: éèsì méjì. Kò rẹ́ mi jẹ. Èmi ni mo wà níbi méjì nínú mẹ́wàá lọ́tẹ̀ yìí, méjì náà kò sì jáde. Nígbà tí mo wolẹ̀, ọmọ ti sùn sórí itan mi. N kò mọ ìgbà tó sùn.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni kí n yá owó lórí fóònù, kí n fi gba èyí tó lọ padà. Mo ti ń tẹ orúkọ mi sí i kí ọmọ tó fẹ̀gbẹ́ yí, tó sì ké. Igbe yẹn ló gbà mí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá ìyá ọkọ mi nídìí ọsàn tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì Ọ̀yọ́. Wọn kò bèèrè pé kí ló dé. Wọ́n ní, "Èló ni?" Wọ́n tú etí aṣọ wọn, ₦35,000 ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ ìyókù fún ọkọ mi kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ta aṣọ mi méjì tí n kò tíì rán, ₦15,000. Bàbá àwọn ọmọ mi, tó ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìlọrà, wá ₦30,000 tó kù. Kò bá mi jà. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi sọ ju "ẹ káàárọ̀" padà fún mi, èyí sì burú ju ìjà lọ. Ní ọjọ́ kẹrin ó bi mí pé, "Ìwé wo lo ń kọ ọ́ sí?"

Ó bá mi níbẹ̀. Owó èésú, mo ń kọ ọ́ títí dórí ₦50. Ti káàdì, n kò kọ nǹkan kan. Orí nìkan ni mo fi ń ṣírò rẹ̀, orí a sì máa rántí ọjọ́ tí a borí. A jókòó ti fóònù, a kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan. Oṣù mẹ́sàn-án: dọ́là 95 wọlé, dọ́là 12 jáde. Ọkọ mi tún pín èrè oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́ sí iye òru tí mo fi ṣe é. Ọsàn tí ìyá rẹ̀ ń tà lówó lórí jù ú lọ.

Ẹ̀yin tí ọkọ yín ń ta bọ́ọ̀lù lórí fóònù, tàbí ẹ̀yin fúnra yín tí ẹ ń ta nǹkan kan tí ẹ kò sọ, n kò ní wàásù. Láti ìgbà tí Bet9ja ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013, tẹ́tẹ́ kò fi tọkùnrin tobìnrin ṣe mọ́. Ẹ ṣáà ra ìwé kan, kí ẹ kọ èyí tó wọlé àti èyí tó jáde, kí ẹ má fo ọjọ́ kan.

Kí n tó dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n padà sí ọjọ́ Ẹtì náà. Mo gbé ₦80,000 lọ fún onífùfú, ó pé. Ó dì í mọ́ àpò ìdí rẹ̀ láìwò ó. Ó ní nítorí ọwọ́ mi mọ́ ni àwọn ṣe fi mí ṣe olórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúre fún mi, fún èmi àti ọmọ ẹ̀yìn mi. Mo dì í lọ́wọ́ mú.

"Ẹ kà á, mà," mo ní. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á."